Alásè ọgbà ẹ̀wọ̀n

Alásè ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó oúnjẹ sísè nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí ó sì ń darí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe alásè fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ náà. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń gé ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń ro ìkòkò, tí wọ́n ń bu oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fọ abọ́. Iṣẹ́ alásè ni láti kọ́ wọn, láti ṣọ́ wọn, àti láti rí i pé oúnjẹ jáde lásìkò, pé ó tó gbogbo ènìyàn, pé kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo: iṣẹ́ alásè àti iṣẹ́ wọ́dà.

Ilé ìdáná yàtọ̀ sí ibi yòókù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń fi ọ̀bẹ lé ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́, ibẹ̀ ni iná, omi gbígbóná àti irin wíwúwo wà, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ń retí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ti ń wá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ní agbára lórí oúnjẹ àwọn tí kò lè jáde lọ wá òmíràn ní agbára ńlá lórí wọn. Púpọ̀ nínú òfin àti ìlànà tí ó yí iṣẹ́ yìí ká ni a ṣe láti dáàbò bo àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ ìlòkulò agbára náà.

Ìtàn

Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, títí di àwọn ọdún 1960, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan tí àwọn aláṣẹ fọkàn tán ni wọ́n ń ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ wọn. Ní Ìpínlẹ̀ Arkansas, àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọ̀nyí a máa gbé ìbọn, wọ́n sì ní agbára lórí oúnjẹ. Wọ́n ń ta oúnjẹ fún àwọn tí ó ní owó, ebi sì ń pa àwọn tí kò ní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Holt v. Sarver, adájọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dájọ́ ní ọdún 1970 pé ètò ọgbà ẹ̀wọ̀n Arkansas lódindi tako òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó di dandan kí a gba agbára ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kí a sì fi í lé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlẹ́wọ̀n dìde ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Attica ní Ìpínlẹ̀ New York. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni oúnjẹ tí ń ṣara lóore, kí a dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kù, kí a sì máa fún wọn ní èso tútù lójoojúmọ́. Rògbòdìyàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, ó sì parí ní ọjọ́ 13, lẹ́yìn tí àwọn agbófinró fi ìbọn gba ọgbà náà padà. Ènìyàn 43 ni ó kú. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó fa ìjà náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí ó ń jáde láti ilé ìdáná wà lára ohun tí ó ń mú àlàáfíà wà tàbí tí ó ń lé e lọ.

Lónìí, ìlànà tí ẹgbẹ́ American Correctional Association gbé kalẹ̀ fún àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ jẹun ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí 24, pé méjì nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ gbígbóná, àti pé àlàfo láàárín oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 14 lọ.

Gbígbà sí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́

Nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí àjọ Federal Bureau of Prisons ń bójú tó, ìlànà kan wà tí ó kan gbogbo òṣìṣẹ́: ìbáà ṣe alásè, ìbáà ṣe olùkọ́ tàbí akọ̀wé, wọ́dà ni ẹni náà kí ó tó jẹ́ ohun mìíràn. Alásè tuntun a máa kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ nínú ọgbà tí ó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Glynco, ní Ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí yóò ti kọ́ nípa òfin, ìbọn yíyìn, àti bí a ṣe ń gba ara ẹni lọ́wọ́ ewu. Bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀, tàbí tí wọ́dà kò bá tó, a lè pe alásè kúrò nídìí ìkòkò kí ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ní gbogbogbòò, a kì í gba ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 37 sí iṣẹ́ yìí. Òfin sì gbà á láyè láti fẹ̀yìntì ní ọmọ ọdún 50 bí ó bá ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó sì di dandan kí ó fẹ̀yìntì nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún 57. Irú ètò ìfẹ̀yìntì yìí ni ti àwọn agbófinró, ó sì jẹ́ àmì pé ìjọba ka ewu iṣẹ́ alásè yìí mọ́ ti wọn.

Ìmọ̀ oúnjẹ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ti sè fún ilé oúnjẹ, ilé ìwòsàn tàbí iṣẹ́ ológun ni ó sábà máa ń wá iṣẹ́ náà, nítorí pé sísè fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn yàtọ̀ sí sísè fún ìdílé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ nípa ìmọ́tótó oúnjẹ.

Ọjọ́ iṣẹ́

Alásè tí ó bá ní iṣẹ́ òwúrọ̀ a máa dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Yóò gba kọ́kọ́rọ́ àti rédíò ìbánisọ̀rọ̀, yóò ka àwọn ọ̀bẹ, yóò wo bí fìríìjì àti yàrá òtútù ṣe tutù sí, yóò sì kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́dà yóò kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó ń ṣiṣẹ́ wá. A ó yẹ ara wọn wò, alásè yóò sì wo ọwọ́ wọn. Ẹni tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣu, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ní ọjọ́ náà.

Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Bí ẹlẹ́wọ̀n 1,000 bá wà nínú ọgbà, tí a sì ti kọ ọ́ sínú ètò oúnjẹ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ itan adìyẹ kan, itan adìyẹ 1,000 ni ó gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá fi 30 dín, àwọn 30 tí wọ́n jẹun kẹ́yìn yóò bá abọ́ òfìfo, wọn yóò sì gbà pé ẹnì kan ni ó jí ìpín tiwọn. Nítorí èyí, alásè a máa dúró ti àwọn tí ń bu oúnjẹ láti rí i pé ṣíbí kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo ènìyàn, àti pé ọ̀rẹ́ kò gba ju ọ̀tá lọ. Ní àwọn ọgbà kan, a ti mọ ògiri sí àárín àwọn tí ń bu oúnjẹ àti àwọn tí ń gbà á, tí abọ́ ń gba ojú ihò kékeré kọjá, kí ẹni tí ń bù ú má baà mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ìwọ̀n ìgbóná ni ohun kejì. Ìlànà oúnjẹ Amẹ́ríkà sọ pé inú ẹran adìyẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí a tó jẹ ẹ́, pé oúnjẹ gbígbóná tí ń dúró de ìgbà bíbù kò gbọ́dọ̀ tutù ju ìwọ̀n 57 lọ, àti pé oúnjẹ tútù kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 5 lọ. Oúnjẹ tí a fẹ́ fi pamọ́ gbọ́dọ̀ kúrò ní ìwọ̀n 57 dé 21 láàárín wákàtí méjì, kí ó sì dé 5 láàárín wákàtí mẹ́rin sí i. Nínú ọgbà tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹ láti inú ìkòkò kan náà, àṣìṣe kan lè dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n a máa fi díẹ̀ pamọ́ nínú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n bá sè, kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò bí àìsàn bá bẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ kì í dúró nígbà tí a bá ń ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀, kíkà tí ó ṣe pàtàkì jùlọ a máa wáyé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ dìde dúró kí a lè kà á. Àwọn tí oúnjẹ alẹ́ wà lórí iná wọn a máa dúró kí a kà wọ́n nínú ilé ìdáná, orúkọ àti iye wọn sì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu.

Ọ̀bẹ àti irinṣẹ́

Ọ̀bẹ wà nínú àpótí irin tí a ń tì pa. Lórí ẹ̀yìn àpótí náà, a ti ya àwòrán ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ó yẹ kí ó máa rọ̀ sí, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kúrò, ojú yóò rí àlàfo rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá fẹ́ lo ọ̀bẹ yóò fi àmì irin tí orúkọ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ kọ́ sí ààyè ọ̀bẹ náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a tún máa ń fi okùn irin so ọ̀bẹ mọ́ tábìlì, kí ó lè gé ẹran ṣùgbọ́n kí ó má lè rìn jáde.

Bí ọ̀bẹ kan bá sọnù, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró. Kò sí ẹni tí yóò jáde. A ó yẹ ara ènìyàn wò, a ó tú ìdọ̀tí, a ó wo abẹ́ ìkòkò àti inú ihò omi, títí a ó fi rí i. Ìdérí agolo tí a ṣí, egungun ẹran, àti ọ̀pá ìgbálẹ̀ náà wà lára ohun tí alásè gbọ́dọ̀ máa ronú nípa wọn, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ pàǹtírí ní ilé ìdáná ìta lè di ohun ìjà nínú ẹ̀wọ̀n.

Síbẹ̀, ìṣọ́ nìkan kò lè sè oúnjẹ. Alásè kan lè máa wo ogún ẹlẹ́wọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì lè dúró ti gbogbo wọn. Ó ní láti yan ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́, kí ó sì kọ́kọ́ fi iṣẹ́ kékeré dán an wò. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí jẹ́ ara iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ń kà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin iṣẹ́ ni.

Ìwúkàrà, ṣúgà àti ọjà dúdú

Àwọn èlò kan tí kò ní ìtumọ̀ níta a máa wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Ìwúkàrà, ṣúgà, èso àti omi èso ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ń pọn ọtí ní ìkọ̀kọ̀. Alásè ni ó gbọ́dọ̀ wọn ìwúkàrà fúnra rẹ̀, kí ó sì dúró títí a ó fi pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, nítorí pé lẹ́yìn pípò ni kò ṣe é jí mọ́.

Ewu irú ọtí bẹ́ẹ̀ ju ìmutípara lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, àwọn ẹlẹ́wọ̀n mẹ́jọ ní Ìpínlẹ̀ Utah ní àìsàn botulism, èyí tí ń rọ iṣan ara, lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí tí wọ́n pọn nínú àpò. Àwọn oníwádìí rí i pé ọ̀dùnkún Òyìnbó tí a ti sun, tí ẹnì kan tọ́jú láti inú oúnjẹ tí ó sì fi sínú ọtí náà, ni ó gbé kòkòrò àìsàn náà wọlé.

Nutmeg náà wà lára èlò tí a ń ṣọ́. Malcolm X, tí ó wọ ẹ̀wọ̀n Charlestown ní Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ọdún 1946, sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná a máa jí i, wọ́n a sì máa tà á fún àwọn tí ń fi omi pò ó mu láti rí ìmutípara.

Ohun tí ó ń fa olè jíjà nínú ilé ìdáná kò farasin. Owó iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ a máa wà láàárín sẹ́ǹtì 12 sí sẹ́ǹtì 40 fún wákàtí kan, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Texas àti Georgia kì í sì í san owó rárá fún ọ̀pọ̀ jùlọ iṣẹ́ inú ẹ̀wọ̀n. Àlùbọ́sà kan tàbí ìwọ̀n wàràkàṣì díẹ̀ lè níye lórí ju owó ọjọ́ kan lọ. Alásè tí ó bá dijú sí olè kékeré ti fún ẹni tí ó rí i ní ohun tí yóò fi halẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá sì fi ìyà ńlá jẹ ènìyàn nítorí búrẹ́dì kan kò ní pẹ́ pàdánù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ jù.

Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n

Alásè àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ a máa wà pọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ní ibi kan náà, lórí iṣẹ́ kan náà. Irú ìsúnmọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n. Ìlànà sọ pé kí alásè bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má sọ àṣírí ilé rẹ̀ fún wọn, kí ó má gba ẹ̀bùn, kí ó má ṣe fún wọn ní ẹ̀bùn, kí ó sì má bá wọn gbé lẹ́tà tàbí ìránṣẹ́ jáde. Ìbálòpọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹlẹ́wọ̀n jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, kódà bí ẹlẹ́wọ̀n bá sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ New York ni a máa ń tọ́ka sí nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa èyí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2015, àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjì sá kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Clinton ní Dannemora. Òṣìṣẹ́ kan tí ó ń darí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ilé ìránṣọ ti fi irinṣẹ́ pamọ́ sínú ẹran lílọ̀ tí ó ti dì, wọ́dà kan sì bá a gbé ẹran náà wọlé. Òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe alásè, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ jọ ti alásè: òun náà ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ojúrere sì di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìlera àti ẹ̀sìn

Oúnjẹ kan náà kò lè bá gbogbo ènìyàn mu. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín ń jẹ oúnjẹ tí dókítà yàn fún wọn, alásè sì gbọ́dọ̀ ya èyí sọ́tọ̀. Bí ẹ̀pà bá ṣèèṣì wọ oúnjẹ ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, òfin ìjọba àpapọ̀ tí a ṣe ní ọdún 2000, tí a ń pè ní RLUIPA, kò gba ìpínlẹ̀ láyè láti di ẹrù wúwo lé ẹ̀sìn ẹlẹ́wọ̀n láìsí ìdí pàtàkì. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fìdí ìdájọ́ múlẹ̀ pé Ìpínlẹ̀ Florida gbọ́dọ̀ pèsè oúnjẹ tí ó bá òfin ẹ̀sìn Júù mu fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó ń fẹ́ ẹ. Ní oṣù Ramadan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n Mùsùlùmí ń gba oúnjẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́ àti oúnjẹ ìṣínu lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Gbogbo èyí ń fi kún iṣẹ́ alásè, nítorí pé abọ́, ìkòkò àti àkókò ni yóò yí padà.

Oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ìyà

Nínú ẹjọ́ Hutto v. Finney ní ọdún 1978, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà gbọ́ nípa ohun tí a fi ń bọ́ àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ìjìyà ní Arkansas. Wọ́n ń pè é ní grue. A ó po ẹran, ọ̀dùnkún Òyìnbó, bọ́tà àtọwọ́dá, omi ṣúgà, ẹ̀fọ́ àti ẹyin pọ̀, a ó sì yan án bíi búrẹ́dì kékeré. Ohun tí ẹnì kan ń jẹ lójúmọ́ kò tó kálórì 1,000. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ohun tí ènìyàn lè fara dà fún ọjọ́ díẹ̀ lè di ìkà tí kò ṣeé fara dà bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù.

Síbẹ̀, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò tán. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń bá a lọ láti lo búrẹ́dì àpòpọ̀ tí a mọ̀ sí nutraloaf fún àwọn tí ó bá da oúnjẹ lu wọ́dà tàbí tí ó bá ba abọ́ jẹ́. Ìyàtọ̀ ni pé a ṣe é kí ó ní gbogbo ohun tí ara nílò, ṣùgbọ́n kò ládùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Ìpínlẹ̀ New York gbà láti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Fún alásè, ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìṣòro gidi: òun tí ó kọ́ iṣẹ́ láti mú oúnjẹ dùn ni a ń pàṣẹ fún láti mú un burú.

Oúnjẹ ìkẹyìn

Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń pa ọ̀daràn, àṣà wà pé kí ẹni tí a fẹ́ pa yan ohun tí yóò jẹ kẹ́yìn. Ní Texas, ẹlẹ́wọ̀n kan, Brian Price, ni ó se oúnjẹ yìí fún ènìyàn tí ó ju igba lọ nígbà tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní Huntsville, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí ó jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, Texas fòpin sí àṣà náà lẹ́yìn tí ẹnì kan béèrè oúnjẹ rẹpẹtẹ tí kò sì fẹnu kàn án. Price sọ pé òun yóò máa se é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà kò gbà. Láti ìgbà náà, ẹni tí a fẹ́ pa ní Texas ń jẹ ohun tí gbogbo ọgbà ń jẹ ní ọjọ́ náà.

Owó oúnjẹ àti agbaṣẹ́ṣe

Ìlòkulò agbára lórí oúnjẹ kò mọ sí inú ilé ìdáná. Ní Ìpínlẹ̀ Alabama, títí di ọdún 2019, ìjọba a máa san dọ́là 1.75 lójúmọ́ fún oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àhámọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà nígbà náà pé òfin fún ọ̀gá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ náà láyè láti fi èyí tí ó bá ṣẹ́kù sápò. Ní ọdún 2009, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ju ọ̀gá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ Morgan sí àhámọ́ fún òru kan. Ó ti kó nǹkan bí dọ́là 212,000 láàárín ọdún mẹ́ta, nígbà tí oúnjẹ àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò tó. Ní ọdún 2019, ìpínlẹ̀ náà yí òfin padà, kí owó oúnjẹ lè wà fún oúnjẹ nìkan.

Ní Michigan, ìpínlẹ̀ gbé iṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀wọ̀n fún ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 láti dín ìnáwó kù, nǹkan bí òṣìṣẹ́ ìjọba 370 sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Owó tí a ń san fún àwọn tí ó rọ́pò wọn kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í pẹ́. A lé púpọ̀ jáde nítorí pé wọ́n bá ẹlẹ́wọ̀n ṣe wọléwọ̀de jù tàbí pé wọ́n gbé ẹrù òfin wọlé. Lẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe méjì, ìpínlẹ̀ gba iṣẹ́ náà padà ní ọdún 2018.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fún àwọn ọ̀dọ́ 231 ní ẹ̀wọ̀n Aylesbury ní oògùn. Àwọn kan gba èyí tí ó ní fítámì àti èròjà aṣaralóore mìíràn, àwọn yòókù sì gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìrúfin láàárín àwọn tí ó gba èròjà náà fi nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2009, ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ The Clink ṣí ní ẹ̀wọ̀n High Down, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò tí ó wá láti ìta. Òmíràn ṣí ní Cardiff ní ọdún 2012, àti ní Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2014.

Ní Nàìjíríà, níbi tí òfin ọdún 2019 ti sọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di àjọ ìtúnwàṣe, àwọn agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń kó èlò oúnjẹ wá, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń sè é lábẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ àjọ náà. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí owó oúnjẹ ẹnì kan lójúmọ́ kúrò ní náírà 750 lọ sí náírà 1,125, nígbà tí iye owó oúnjẹ lọ́jà ti ga gan-an. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Alabama: èló nínú owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ni ó ń dé inú abọ́?

Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n

Ilé ìdáná wà lára àwọn ibi díẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n tí ènìyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ tí yóò rí ṣe níta, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ a máa gba ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ní San Quentin ní Ìpínlẹ̀ California, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 tí àwọn alásè láti ìta fi ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní iṣẹ́ oúnjẹ. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Mountain View ní Ìpínlẹ̀ Maine, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbin ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń yan búrẹ́dì wọn fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀kọ́ yìí kì í wá láti inú ètò pàtàkì kankan. Ó ń wá láti ọwọ́ alásè tí ó ń kọ́ ẹnì kan bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú, bí a ṣe ń wọn ìyọ̀ fún ìkòkò ńlá, àti bí a ṣe ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò. Ní òpin iṣẹ́, yóò gba ọ̀bẹ náà padà lọ́wọ́ ẹni náà, yóò fún un ní àmì irin rẹ̀, yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò sì ti àpótí pa.